Kí Lẹ́tà Tó Bọ́ Lọ́wọ́ Wa

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Nígbà tí a wà ní ilé-ìwé wa ní Bọ́ládé, lẹ́tà tí a bá fi ìbínú kọ lálẹ́ ṣì ń dúró de sítáǹbù ní òwúrọ̀. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni a fà ya kí ilẹ̀ tó mọ́. Ímeèlì kò fún wa ní àyè bẹ́ẹ̀. A fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wa kan lóru. Ọdún méjì ni a fi bẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n a lè dá àyè náà padà. Nínú Gmail lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí Settings, kí ẹ wá Undo Send. Ìṣẹ́jú-àáyá 5 ni ó ń dá lẹ́tà dúró. Ẹ sọ ọ́ di 30. Kì í ṣe pé ó ń lọ gbà á padà: kò tíì jẹ́ kí ó lọ ni. Schedule send, tí Google fi kún un ní 2019, ń jẹ́ kí ẹ yan ọjọ́ àti wákàtí. Kí ó tó pé, ẹ lè fagi lé e. Ẹni tí ń lo Outlook lórí kọ̀ǹpútà lè tẹ Work Offline: lẹ́tà yóò jókòó sínú Outbox, tuntun kò sì ní wọlé, títí yóò fi tú u sílẹ̀. Èyí dára ní àkókò àdúrà ìdílé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní èyí. Lẹ́tà tí ó sùn mọ́jú kì í sábà dá ìjà sílẹ̀.