Èrè Méjì Tí Ń Mú Ni Tún Iṣẹ́ Ṣe

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, bí ènìyàn bá ṣe ohun kan, tí ó sì rí èrè níbẹ̀, yóò fẹ́ tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹranko rí. Ní àwọn ọdún 1930, ọ̀mọ̀wé B. F. Skinner, ará Amẹ́ríkà, fi eku dán an wò. Eku tí ó bá tẹ irin kékeré kan ń rí oúnjẹ. Nítorí náà, ó ń tẹ̀ ẹ́ léraléra.

Oríṣi èrè méjì ni ó wà.

Èkínní ni èyí tí ara fúnra rẹ̀ ń fẹ́, bí oúnjẹ àti omi. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọmọ tuntun kí ó tó fẹ́ ọmú.

Èkejì ni èyí tí a kọ́ láti fẹ́. Owó jẹ́ ọ̀kan. Owó kò ṣeé jẹ, kò ṣeé mu. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú un dé ọjà Ouando, ó di àgbàdo, ó di epo. Láyé àtijọ́, owó ẹyọ ni wọ́n ń ná ní Àjàṣẹ́ wa yìí. Lónìí, ta ni yóò ro oko nítorí owó ẹyọ? Kò ra nǹkan mọ́, agbára rẹ̀ sì tán.

Ẹ tún wo òkété. Ní Morogoro, ní ilẹ̀ Tanzania, ẹgbẹ́ APOPO ń kọ́ òkété láti gbóòórùn bọ́ǹbù tí ogun fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Olùkọ́ á mú kí nǹkan kékeré kan dún "kẹ́", á sì fún òkété ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí ó yá, ìró "kẹ́" náà di èrè. Òkété kan, Magawa, rí bọ́ǹbù tí ó lé ní 100 ní ilẹ̀ Cambodia. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà ní ọdún 2020. Ṣùgbọ́n bí "kẹ́" bá ń dún ṣáá, tí oúnjẹ kò tẹ̀lé e, òkété kò ní kà á sí mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ìlérí rí nínú ilé. Bí ẹ bá sọ fún ọmọ pé, "Gbálẹ̀, n ó ra àkàrà fún ọ," tí ẹ kò rà á lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀rọ̀ yín yóò dà bí owó ẹyọ.

Ẹ má ṣèlérí ohun tí apá yín kò ká. Bí ọmọ bá ṣe dáadáa, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ohun tí ó ṣe. Ìyìn kò ná yín ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n èrè gidi ni.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí owó ẹyọ kò fi jẹ́ èrè mọ́?
2. Èrè wo ni ẹ ń fún àwọn ọmọ yín?