Wíìtì tí à ń lọ̀ tòun ti èèpo

Ní Adó-Èkìtì níbí, tí dókítà bá ti ní àtọ̀gbẹ ń ṣe bàbá tàbí ìyá ẹnìkan, ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n á ní kí iyán sinmi ná (ní Èkìtì o!), ó di wíìtì. Ẹnìkan á lọ ra àlìkámà kóńgò méjì lọ́jà, á ṣa òkúta inú ẹ̀, á gbé e lọ bá ẹlẹ́rọ, wọ́n á lọ̀ ọ́ tòun ti èèpo.

Èèpo yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Mò ń kàwé gba oyè kejì lórí kẹ́míkà inú oúnjẹ, àwọn ará ilé sì máa ń bi mí pé: ṣé oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sí hóró kì í dé inú àwo wa? Ó lè dé bẹ̀.

Àlìkámà kì í ṣe irè oko wa. Èyí tí wọ́n ń gbìn ní Nàìjíríà, Àríwá ni, bíi Jigawa, Kano àti Kebbi. Èyí tó pọ̀ jù sì ń ti òkè òkun wọlé. Kó tó dé Èkìtì, á ti pẹ́ nínú àpò. Kòkòrò ò sì ń sùn. Bí àwọn kan ṣe ń fa oògùn yọ nìyẹn. Mi ò bá wọn jà: hóró tó ti lu, ta ló máa rà á?

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni dichlorvos, ìyẹn Sniper tàbí ọtapiapia. Nínú ara, èròjà kan wà tó ń pa iná ìránṣẹ́ tí iṣan ń gbà. Acetylcholinesterase lorúkọ rẹ̀. Dichlorvos á so ó lọ́wọ́, iná ò ní kú mọ́, kòkòrò á máa gbọ̀n títí á fi kú. Àwa náà ní èròjà yẹn lára.

Ní 2015, EU ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà tìtorí dichlorvos yìí. Mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan ni òfin wọn gbà. Ohun tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà náà bẹ̀rẹ̀ láti 0.03 títí dé 4.6. Ẹ ṣe ìṣirò ìyẹn: ìlọ́po 460! Ní 2019, NAFDAC ní wọn ò gbọdọ̀ ta ike kékeré 100ml rẹ̀ lọ́jà gbangba mọ́.

Oògùn tí wọ́n bá fọ́n lẹ́yìn ìkórè, ara èèpo ló máa ń pọ̀ sí jù. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fúláwà búrẹ́dì máa ń yọ èèpo kúrò, nítorí náà oògùn tó kù nínú fúláwà funfun máa ń kéré ju ti odidi hóró lọ. Àwọn tó ń jẹ odidi torí ìlera ni wọ́n ń jẹ ibi tí oògùn wà. Síbẹ̀, ẹ má sá fún èèpo o! Òun ló ní fáíbà tí alátọ̀gbẹ nílò.

Ẹ fi omi ṣan àlìkámà dáadáa lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ sá a kó gbẹ kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́. Kò ní kó gbogbo rẹ̀ lọ, àmọ́ á dín in kù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́jú èyí tó pọ̀, àpò PICS wà: ọ̀rá méjì nínú, àpò kan lóde. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni Larry Murdock ti Purdue University àti àwọn onímọ̀ ní Cameroon bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí ẹ̀wà. Afẹ́fẹ́ ò wọlé, kòkòrò á lo ọ́síjìn inú ẹ̀ tán, kò ní lè jẹun mọ́. Kéègì gbígbẹ tẹ́ ẹ kún dé ọrùn, tẹ́ ẹ dé pinpin, ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà nínú ilé, tí hóró bá ṣáà ti gbẹ. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á bu.

Àwọn kan ń fi oògùn oníhóró sínú àpò, aluminium phosphide. Tó bá kan ọ̀rinrin, gáàsì ló ń tú jáde, gáàsì yẹn sì ń pa èèyàn. Ẹ má gbé irú àpò bẹ́ẹ̀ sí yàrá tẹ́ ẹ ń sùn.