Ṣé o mọ̀? Fadá Ọyẹ́ tó gbé iṣẹ́ fún agbẹ́gilére

Láti Ìdó-Èkìtì, gba Ìfàkì kọjá, kò pẹ́ tí wàá fi dé Ọyẹ́. Ibẹ̀ ni Fadá Kevin Carroll, ọmọ Liverpool tí wọ́n bí ní 1920, ti bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ ọnà Ìjọ Àgùdà ní 1947. Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SMA ló rán an wá.

Nígbà tí ọ̀pọ̀ oníwàásù ń wo ère gẹ́gẹ́ bí ohun ìbọ̀rìṣà lásán, ṣe ni fadá yìí lọ bẹ Bándélé agbẹ́gilére, ọmọ Aréògún ará Òsì, níṣẹ́. Kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́gi o! Ìtàn Bíbélì ló sọ fún un, ó sì jẹ́ kí ọwọ́ Bándélé ṣe bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Bí àwọn amòye mẹ́ta tó wá kí Jésù ṣe di ọba Yorùbá nìyẹn, tòun ti adé ìlẹ̀kẹ̀. Èmi ò tíì rí ìwàásù tó yé èèyàn jùyẹn lọ.

Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé níbẹ̀. Mùsùlùmí ni, kò sẹ́ni tó ní kó yí ẹ̀sìn padà.

Wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà ní 1954. Carroll kọ ìwé lórí àwọn agbẹ́gilére wọ̀nyí, Yoruba Religious Carving, tó jáde ní 1967. Ó kú ní 1993.

Ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀? Lámídì yẹn náà ló gbẹ́ ẹ.