Àwo ẹ̀bùrú sọ orin inú àká Bob Dylan di ọjà olówó iyebíye: ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún oníṣòwò

Ní oṣù Keje ọdún 1969, àwo orin kan ṣàdédé yọjú sáwọn ṣọ́ọ̀bù kan nílùú Los Angeles, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Rẹ́kọ́ọ̀dù méjì ló wà nínú páálí funfun báláú kan. Kò sí àwòrán lára rẹ̀, kò sí orúkọ akọrin, bẹ́ẹ̀ ni kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Síbẹ̀, àwọn tó gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ ń wá a kiri. Ohùn Bob Dylan ni, ọ̀pọ̀ jù lọ orin tó sì ń kọ níbẹ̀ ni Columbia, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin rẹ̀ jáde, kò tíì tà fún ẹnikẹ́ni. "Great White Wonder" ni wọ́n ń pe àwo náà.

Àwọn tó ń tọpa òwò orin gbà pé òun ni àwo ẹ̀bùrú àkọ́kọ́ tó lókìkí nínú orin rọ́ọ̀kì. Àwo ẹ̀bùrú yàtọ̀ sí ayédèrú. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú ń ṣe àdàkọ ọjà tó ti wà lórí àtẹ. Ẹni tó ń ṣe àwo ẹ̀bùrú ń ta ohun tí ẹni tó ni ín kò tíì gbé sórí àtẹ rárá. Kọ́bọ̀ kan nínú owó àwo yìí kò wọ àpò Dylan, kò sì wọ àpò Columbia. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó sì já sí yóò ya ọ̀pọ̀ oníṣòwò lẹ́nu.

ORIN PỌ̀ JU ÀWO LỌ

Ìlú Duluth, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ni wọ́n bí Dylan sí lọ́dún 1941. Ọdún 1962 ni àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Orin tó ti kọ láti ìgbà náà ti lé ní 600, ọdún 2016 sì ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ lítíréṣọ̀. Akọrin tí orin kì í gbẹ lẹ́nu rẹ̀ ni. Bó bá wọ sítúdíò, ó lè kọ orin kan ṣoṣo lónírúurú ọ̀nà: kó yára kọ ọ́, kó tún fà á, kó lo gìtá nìkan, kó tún kó àwọn onílù àti onídùùrù tira. Ọ̀kan ṣoṣo ni yóò wọ inú àwo. Àwọn tó kù yóò di ti àká.

Nígbà míì, orin tó dára gan-an ló máa ń ṣẹ́kù. Ọdún 1983 ló kọ "Blind Willie McTell" sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi sínú àwo "Infidels" tó gbé jáde lọ́dún náà. Ọdún 1991 ni Columbia ṣẹ̀ṣẹ̀ tà á. Lónìí, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kà á mọ́ àwọn orin rẹ̀ tó dára jù.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ọjà á ti fẹ́ jáde tán kí wọ́n tó yí i padà. Bó ṣe rí nìyẹn lọ́dún 1963 nígbà tí àwo "The Freewheelin' Bob Dylan" fẹ́ jáde. Wọ́n yọ orin mẹ́rin kúrò, wọ́n fi mẹ́rin míì rọ́pò. Àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ nínú èyí tó ní orin àkọ́kọ́ ti bọ́ sóde. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni àwọn olùkójọ ń san lórí ẹyọ kan rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ la ojú rẹ̀ dáadáa, nítorí òmíràn wà tó jẹ́ pé orúkọ orin tuntun ni wọ́n tẹ̀ sí i lára, orin àtijọ́ ló sì ń kọ. Àfi kéèyàn gbé e sórí ẹ̀rọ kó gbọ́ ọ, kó sì yẹ nọ́ńbà tí wọ́n fín sí etí ibi tí orin parí sí lára rẹ́kọ́ọ̀dù náà wò.

SÀǸPÙ LÓ JÒ SÍTA

Báwo wá ni orin inú àká ṣe dé ọwọ́ àwọn èèyàn Los Angeles? Kì í ṣe pé olè fọ́ ilé-iṣẹ́ kankan. Àpẹẹrẹ ọjà tí àwọn tó ni ín fún àwọn oníbàárà fúnra wọn ló jò.

Ní oṣù Keje ọdún 1966, Dylan ṣubú lórí alùpùpù, ó sì fi ìrìn-àjò orin sílẹ̀. Lọ́dún 1967, òun àti àwọn akọrin tí wọ́n wá ń pè ní The Band lẹ́yìn náà ń pàdé ní ìtòsí Woodstock, ní ìpínlẹ̀ New York. Ibi tí wọ́n ti ń kọ púpọ̀ nínú orin wọn ni àjà ilẹ̀ ilé kan tí wọ́n ń pè ní Big Pink. Garth Hudson, ọ̀kan nínú wọn, ló ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún.

Wọn kò fi àwọn orin náà ṣe àwo. Ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ orin Dylan ṣa 14 nínú wọn, ó fi ṣe sàǹpù, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sáwọn akọrin míì pé bóyá wọ́n á fẹ́ kọ ọ́. Ọgbọ́n náà so èso rere. Lọ́dún 1968, ẹgbẹ́ akọrin Manfred Mann kọ "Mighty Quinn", ó sì gba ipò kìn-ín-ní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n sàǹpù tó ti kúrò nílé kì í gbọ́ràn sí olówó rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Láti ọwọ́ kan sí ọwọ́ kejì, díẹ̀ nínú àwọn orin náà bá ara wọn nínú páálí funfun ọdún 1969.

Òfin ìgbà náà kò sì fún Columbia lágbára tó. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ń dáàbò bo orin gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ kò sí lábẹ́ ààbò òfin náà títí di ọjọ́ 15, oṣù Kejì, ọdún 1972, ìyẹn fún èyí tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ láti ọjọ́ yẹn lọ. Ọdún 1994 ni òfin míì tún ka títa orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóde eré láìgbàṣẹ akọrin sí ẹ̀ṣẹ̀.

Lọ́dún 1975, Columbia gbé "The Basement Tapes" jáde. Orin 24 ló wà nínú rẹ̀, 16 péré ló jẹ́ ti Dylan, The Band ló kọ ìyókù. Àwọn tó ti ń gbọ́ orin náà láti ẹ̀bùrú mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ṣẹ́kù sílé. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Wọ́n padà sídìí àwo ẹ̀bùrú.

ÒFIN ÀWỌN OLÙKÓJỌ

Àwọn olùkójọ pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń tà, àwọn kan kàn ń fún ara wọn ni. Lójú àwọn tó ń fún ara wọn, ìtìjú ni kéèyàn gba èrè lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ orin kan yóò fi kásẹ́ẹ̀tì òfìfo ránṣẹ́ pẹ̀lú owó ìfìwéránṣẹ́, ẹnì kejì yóò gbà á sí i fún un, yóò sì dá a padà.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá gba kásẹ́ẹ̀tì sínú kásẹ́ẹ̀tì, ohùn rẹ̀ ń dínkù. Nígbà tó bá fi dé ọwọ́ ẹnì kẹfà, ariwo ṣíì-ṣíì á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo orin mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí olùkójọ tó gbọ́n fi máa ń bi ẹlòmíì ní ìbéèrè mẹ́ta kó tó gbà: Níbo ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀? Lọ́jọ́ wo? Ẹni mélòó ló ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ló ń sọ iye tí ọjà náà jẹ́, kì í ṣe ẹwà páálí rẹ̀.

Ẹni tí kò bá bèèrè yóò ra èké. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń ta orin òde eré Dylan kan tó wáyé lọ́dún 1966 pẹ̀lú àkọlé pé gbọ̀ngàn Royal Albert Hall ní London ló ti kọ ọ́. Irọ́ ni. Gbọ̀ngàn Free Trade Hall nílùú Manchester ni, lọ́jọ́ 17, oṣù Karùn-ún. Orúkọ èké náà ti mọ́ aráyé lára débi pé nígbà tí Columbia gbé ojúlówó rẹ̀ jáde lọ́dún 1998, wọn kò lè yọ orúkọ London náà kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Inú àmì àyọlò ni wọ́n fi í sí.

COLUMBIA YÍ ỌGBỌ́N PADÀ

Ọdún 1991 ni nǹkan yí padà. Columbia kó orin 58 jáde láti inú àká, síìdì mẹ́ta ló gbà á, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́ ni "The Bootleg Series". Bootleg ni àwọn aráàlú wọn ń pe àwo ẹ̀bùrú. Ìyẹn ni pé orúkọ tí ọjà àwọn tó ń gba ẹ̀bùrú ń jẹ́ gan-an ni ilé-iṣẹ́ náà gbà lọ́wọ́ wọn, tó fi sọ ọjà tirẹ̀.

Kì í ṣe orúkọ nìkan ló tà á. Inú téèpù àkọ́kọ́ ni wọ́n ti mú orin náà, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Ìwé kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó sọ ọjọ́ tí wọ́n kọ orin kọ̀ọ̀kan, ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ àti àwọn tó bá a lù ú. Ìbéèrè tí àwọn olùkójọ ti ń bi ara wọn látọjọ́ yìí ni wọ́n dáhùn. Nígbà tó fi máa di ọdún 2023, ọ̀wọ́ náà ti dé ìpele kẹtàdínlógún.

Lọ́dún 2014, wọ́n gbé gbogbo orin àjà ilẹ̀ Big Pink tó ṣeé gbọ́ jáde: ìgbohùnsílẹ̀ 138, nínú síìdì mẹ́fà. Èyí ṣeé ṣe nítorí pé Garth Hudson, tó dolóògbé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, ti tọ́jú àwọn téèpù náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lọ́dún 2015, wọ́n kó ohun tí Dylan kọ ní sítúdíò lọ́dún 1965 àti 1966 jáde, wọ́n sì pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹni tó kàn fẹ́ tọ́ ọ wò, síìdì méjì wà fún un. Ẹni tó fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́fà wà. Olùkójọ tí kò fẹ́ kí ohunkóhun ṣẹ́kù, síìdì 18 wà fún òun náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600 dọ́là, 5,000 péré ni wọ́n sì ṣe. Bí ìyá onírẹsì ṣe ń ta àpò, tó ń ta kóńgò, tó tún ń ta agolo mílíìkì náà nìyẹn. Ọjà kan náà ni, oníbàárà ló yàtọ̀.

ÀWO ỌGỌ́RÙN-ÚN TÓ DÁÀBÒ BO OGÚN

Lọ́dún 2011, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Yúróòpù fi kún iye ọdún tí ẹ̀tọ́ orí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ yóò máa jẹ́ ti ẹni tó ni ín. Ó kúrò ní 50, ó di 70. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ wà nínú rẹ̀: orin tí wọn kò bá gbé jáde láàárín 50 ọdún àkọ́kọ́ kò ní jẹ àǹfààní náà. Ẹnikẹ́ni á lè tà á.

Nígbà tí ọdún 2012 ń parí lọ, àkójọ síìdì kan tó kún fún orin tí Dylan gbà sílẹ̀ lọ́dún 1962 yọjú sí àwọn ṣọ́ọ̀bù mélòó kan ní Yúróòpù. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún péré ni wọ́n ṣe. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sí i lára pé nítorí àtifa ẹ̀tọ́ gùn ni. Kì í ṣe èrè àwo ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń wá. Wọ́n ń ti ilẹ̀kùn àká kí ó tó di ti gbogbo ayé. Lọ́dún 2024, nígbà tí orin ọdún 1974 pé 50 ọdún, síìdì 27 ni wọ́n kó jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orin 431 ló sì wà nínú rẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Lọ́dún 2016, àjọ ẹlẹ́yinjú àánú kan àti yunifásítì ìlú Tulsa, ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, ra ìwé, téèpù àti àwọn ẹrù Dylan míì. Ilé tí aráàlú ti ń wo díẹ̀ nínú wọn ṣí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, Universal ra ẹ̀tọ́ orí gbogbo orin tó ti kọ, wọn kò sọ iye rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníròyìn fojú bù ú pé ó ju 300 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Lọ́dún 2021, Sony, tó ni Columbia, ra ẹ̀tọ́ orí àwọn ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2022, nílé gbàǹjo Christie's ní London, àwo ẹyọ kan ṣoṣo tí Dylan tún "Blowin' in the Wind" kọ sí lọ́tun tà ní 1,482,000 pọ́n-ùn.

KÍ LÓ KAN ONÍṢÒWÒ KÉKERÉ?

Ó kàn án gidigidi. Oníṣòwò tó ń wo bí àwọn míì ṣe ń ta irú ọjà rẹ̀ lẹ́yìnkùlé yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí oníbàárà ń wá tí òun kò gbé sórí àtẹ. Òfin dára, ó sì yẹ kéèyàn lò ó. Ṣùgbọ́n ohun tó fa olùkójọ padà sọ́dọ̀ Columbia ni ọjà tó dára ju ti ẹ̀bùrú lọ, tí orúkọ àti ọjọ́ rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́.

Ẹni tó bá ń fún oníbàárà ní sàǹpù, kó kọ orúkọ ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ẹni tó ń ra ohun tó ṣọ̀wọ́n láti tún un tà, kó bèèrè ibi tó ti wá kó tó sanwó, nítorí ọjọ́ tí ojúlówó bá jáde ni owó tó dì mọ́ ohun ẹ̀bùrú máa ń wọmi.

Ọdún 47 ló wà láàárín ìgbà tí Garth Hudson tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ nínú àjà ilẹ̀ yẹn àti ìgbà tí gbogbo rẹ̀ di ọjà. Ká ní ó ti da téèpù náà nù, tàbí kó gba nǹkan míì lé e lórí, kò ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa rà. Páálí wà ní yàrá ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù: bátànì aṣọ tí kò tíì jáde, fọ́tò àtijọ́, ìwé àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń po nǹkan. Kí olúkúlùkù lọ ṣí tirẹ̀, kó nu eruku rẹ̀, kó sì kọ ọjọ́ sí i.