Ẹ Wo Ẹ̀yìn Ọmọ Yín, Ṣùgbọ́n Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ẹsẹ̀ Rẹ̀

Aṣọ ọdún ni ó tú àṣírí náà. Ọ̀rẹ́ mi kan rán aṣọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 12. Bí ọmọ náà ti wọ̀ ọ́ tán, ìṣẹ́tí rẹ̀ ga ní apá ọ̀tún ju ti òsì lọ. Ìyá bínú sí aránṣọ. Aránṣọ tú u, ó tún un rán, síbẹ̀ bákan náà ni. Nígbà náà ni ìyá-àgbà ọmọ náà wí pé, "Fi aránṣọ sílẹ̀ o. Ẹ̀yìn ọmọ yìí ni kí o wò."

Ọ̀rẹ́ mi ní kí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò rí ohunkóhun. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nọ́ọ̀sì kan ní kí ọmọ náà bọ́ bàtà, kí ó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ó sì na orúnkún rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yọ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ náà ti dẹ orúnkún kan. Ìbàdí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì bo ohun tí ìyá ń wá mọ́lẹ̀.

Skoliósìsì ni àwọn oníṣègùn ń pe àìsàn yìí. Kì í ṣe iké o. Nínú iké, ẹ̀yìn a yọ sẹ́yìn. Nínú èyí, ọ̀pá ẹ̀yìn a wọ́ sí ẹ̀gbẹ́, a sì lọ́ bí okùn, tí eegun ìhà yóò fi gbé sókè ní apá kan. Nínú 100 ọmọ tí ń bàlágà, bí 2 tàbí 3 ni ó ń ní in, ti ọ̀pọ̀ wọn kò sì le. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá le, àwọn ọmọbìnrin ni ó ń bá jà jù. Kì í sábà dun ọmọ, nítorí náà kò ní ráhùn fún yín. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọ pípọ̀n tàbí ẹrù rírù ni ó fà á. Nínú ọ̀pọ̀ ọmọ, àwọn oníṣègùn kò tíì rí okùnfà rẹ̀.

Oníṣègùn ìlú Lọ́ńdọ̀nù kan, William Adams, ni a ń fi orúkọ rẹ̀ pe àyẹ̀wò yìí. Ó ṣàyẹ̀wò ọ̀pá ẹ̀yìn Gideon Mantell, ọ̀mọ̀wé tí ó kú ní 1852, tí àwọn oníṣègùn ti rò nígbà ayé rẹ̀ pé kókó ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe kókó; eegun tí ó lọ́ ni. Ní 1865 ni Adams tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọ ọdún 10 sí 15 ń tijú, nítorí náà ìyá fúnra rẹ̀ ni kí ó ṣe é, nínú yàrá, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Kí ọmọ dúró láìwọ bàtà lórí sìmẹ́ńtì títẹ́jú, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí ó pa ẹsẹ̀ pọ̀, kí orúnkún méjèèjì nà, kí ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, kí ó wá rọra bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí ń gbálẹ̀, kí ọwọ́ sì wà ní àárín gbùngbùn. Ẹ̀yin ẹ jókòó sórí àpótí lẹ́yìn rẹ̀, kí ojú yín bá ẹ̀yìn rẹ̀ dọ́gba. Bí ó bá ń mì, ẹ má ṣe dì í léjìká mú, nítorí ọwọ́ yín gan-an lè yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ kí ó nàró, kí ó mí, kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ga, ẹ má tíì pariwo: ẹsẹ̀ kan lè kúrú ju èkejì lọ. Ẹ mú un jókòó lórí àga, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àga náà. Bí gíga náà bá pòórá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹsẹ̀. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ.

Ní ilé ìwòsàn pàápàá, ìdúró ni ó ń pinnu. Bí ọmọ bá dùbúlẹ̀ fún ẹ́kísíréè, wíwọ́ náà yóò dín kù lójú fọ́tò. Nítorí náà orí ìdúró ni a ń ya á. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá ó lè kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ, kí ìtànṣán má baà bá ọmú tí ń yọ lọ́wọ́ púpọ̀. Láti dígírì 10 ni dókítà ti ń pè é ní skoliósìsì. Wíwọ̀n lè fi bí dígírì 5 yàtọ̀ láìsí pé eegun yí padà rárá, èyí ni ó fi yẹ kí ìdúró rẹ̀ rí bákan náà nígbà gbogbo.

Àǹfààní tètè mọ̀ kò kéré. Ìwádìí kan tí a ṣe ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, tí a gbé jáde ní 2013, fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí a fún ní àmùrè líle tí ń di ẹ̀yìn mú, nǹkan bí 72 ni ẹ̀yìn wọn kò wọ́ dé ibi tí iṣẹ́ abẹ fi ń di dandan títí wọ́n fi dàgbà tán. Nínú àwọn tí a kàn ń wò lásán, 48 ni.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ń wọ tirẹ̀ sábẹ́ aṣọ báyìí. Ó ń ráhùn pé ó gbóná. Ìyá rẹ̀ ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aránṣọ.