Bí Ọlọ́run Bá Jẹ́ Olóore, Èéṣe Tí Ibi Fi Wà?

Ní ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, ọdún 2022, àwọn agbébọn kọlu ìjọ Kátólíìkì ti Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa nǹkan bí 40 ènìyàn nínú àwọn tí ó wá sin Ọlọ́run. Níbo ni Ọlọ́run wà lọ́jọ́ náà? Ní àjọ̀dún ilé ẹ̀kọ́ wa yìí, a kò fẹ́ fi orin àti ijó bo ìbéèrè náà mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè ọ̀hún ti pẹ́ láyé. Lúùkù orí 13 sọ pé wọ́n mú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ tọ Jésù wá: Pílátù ti pa àwọn ará Gálílì níbi tí wọ́n ti ń rúbọ. Jésù kò gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ wọn ju ti àwọn yòókù lọ. Òun fúnra rẹ̀ sì mẹ́nu kan àwọn 18 tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa, pé àwọn náà kò burú ju ará Jerúsálẹ́mù mìíràn lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún ọlọ́fọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni ó fà á ń sọ ohun tí Olúwa kò sọ.

Níbẹ̀ ni a ti rí irú ibi méjì. Ti Pílátù wá láti ọwọ́ ènìyàn. Ọlọ́run fún wa ní òmìnira láti yàn, nítorí ìfẹ́ tí a fi ipá gbà kì í ṣe ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó lè tọ́jú aláìsàn náà ni ó lè gbé ìbọn. Ti Sílóámù kò ní apànìyàn nínú. Pọ́ọ̀lù kọ́ wa pé ìṣẹ̀dá pàápàá ń jìyà, ó sì ń retí ìdáǹdè.

Ǹjẹ́ rere lè ti inú ibi jáde? Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣoògùn. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822. Ó di àlùfáà ní 1843, ó sì ṣe aṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Síbẹ̀, òwò ẹrú kò tìtorí èyí di ohun rere. Ọ̀pọ̀ ìyá ni kò rí ọmọ tirẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Ìdí nìyí tí ìrètí wa kò fi dúró lórí pé gbogbo ìtàn ni yóò dùn ní ayé yìí. Orí àgbélébùú ni ó dúró lé: Ọlọ́run fúnra rẹ̀ wọ inú ìyà wa, wọ́n pa á láìṣẹ̀, ó sì jíǹde.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí wa, ọjọ́ 7 ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n ṣìnà. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ aládùúgbò wa ní Ẹdẹ, ìbáà ṣe Kristẹni tàbí Mùsùlùmí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jókòó tì í. Lẹ́yìn náà, kí a béèrè ẹni tí yóò san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ tí olóògbé fi sílẹ̀. Ohun tí ó bá ojú, ó bá imú.