Àwọsánmà péálì

Àwọsánmà péálì jẹ́ irú àwọsánmà kan tí ó máa ń hàn ní agbègbè Árktìkì àti Antárktìkà nígbà òtútù, ní nǹkan bí kìlómítà 15 sí 25 lókè ilẹ̀. Apá òfuurufú yìí, tí a mọ̀ sí stratosphere, ga ju ibi tí ọ̀pọ̀ àwọsánmà òjò ń dé lọ. Àwọ̀ rẹ̀ ni a fi sọ ọ́ lórúkọ: ó ń dán gbinrin bí inú ìkarahun tí péálì ń hù nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró.

Ọ̀rinrin kò tó nǹkan nínú stratosphere, nítorí náà omi ibẹ̀ kì í di yìnyín àfi bí òtútù bá mú títí dé nǹkan bí −85 °C. Ní Nọ́rwèy, àwọn òkè ńlá a máa dá kún òtútù yìí. Bí ẹ̀fúùfù líle bá kọlu òkè, a máa ru sókè bí ìgbì omi. Afẹ́fẹ́ tí ó bá sì ń gòkè a máa tutù sí i.

Àwọn ègé yìnyín inú àwọsánmà náà kéré gan-an: fífẹ̀ wọn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá ń gba ẹ̀gbẹ́ irú ègé bẹ́ẹ̀ kọjá, a máa yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú ìmọ́lẹ̀ ní gígùn ìgbì tirẹ̀, pupa sì máa ń yà ju aró lọ. Bí àwọn ègé náà bá tóbi dọ́gba, gbogbo wọn yóò darí àwọ̀ kan náà sí ọ̀nà kan náà. Bí wọn kò bá dọ́gba, àwọn àwọ̀ yóò dàpọ̀, funfun lásán ni ojú yóò sì rí. Èyí yàtọ̀ sí ti òṣùmàrè, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọ inú ẹ̀kán omi lọ kí ó tó jáde.

Kété lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, tàbí kí ó tó yọ, ni àwọsánmà yìí máa ń hàn jù. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà náà, ṣùgbọ́n oòrùn ṣì ń tàn dé òkè ibi tí ó wà.

Ó ní ìbátan kan tí kò lẹ́wà tó o, tí ó sì wọ́pọ̀ jù ú lọ: àwọsánmà tí ásíìdì nítríìkì àti omi para pọ̀ di, tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní nǹkan bí −78 °C. Ìbátan yìí ni ó yẹ kí a máa ṣọ́. Ní ọdún 1985, Joseph Farman, Brian Gardiner àti Jonathan Shanklin kéde pé ósóònù orí Antárktìkà, tí ń dáàbò bo ohun alààyè lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tí ó lè pani lára, ń dín kù gidigidi nígbà ìrúwé ibẹ̀. Ní ọdún 1986, Susan Solomon àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ohun tí ó fà á. Klórínì tí ó wá láti inú gáàsì tí a ń lò nínú fíríìjì tẹ́lẹ̀ a máa yí padà lórí àwọn ègé inú àwọsánmà wọ̀nyí. Bí oòrùn bá sì ti padà yọ lẹ́yìn òru gígùn ìgbà òtútù, a bẹ̀rẹ̀ sí í ba ósóònù jẹ́. Àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 bẹ̀rẹ̀ sí í dín ṣíṣe àwọn gáàsì náà kù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń lò nínú afẹ́fẹ́, ihò ósóònù sì ṣì ń yọjú lórí Antárktìkà lọ́dọọdún.